Orógbó Yèyé Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní orógbó. Ẹni tó bá wá kí mi, kó mú obì wá, kó mú ọsàn wá, tàbí kó kàn jókòó. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ mi máa ń sọ lẹ́yìn mi pé ìwà Màmá ti le jù, pé orógbó lásánlàsàn ló ń bí i nínú. Ẹnu wọn náà nìyẹn. Wọn ò bi mí rí.

Ìgèdè ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá sí Adó. Alámọ̀ ni Yèyé mi, Ìbílọlá. Bí wọ́n bá ń gbéyàwó tàbí tí wọ́n ń sin àgbà, láti Ìyìn títí dé Àràmọ̀kọ, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá fi orin ki ènìyàn. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, èmi ló sì kọ́. Nídìí ẹní tí a bá ń hun ló ti kọ́ mi. "Ohùn wà lọ́fun rẹ, Monínúọlá," ló máa ń wí, "ṣùgbọ́n o máa ń kánjú. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mí."

Ní agboolé tiwa, bí alámọ̀ bá kú, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló ń ṣíde orin. Bó bá ti ṣíde, gbogbo obìnrin ilé á máa gbè é. Bí kò bá ṣíde, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá a ṣí i. Wọ́n á sin òkú náà ní ìdákẹ́, bí ẹni tí kò bímọ. Yèyé mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀. Ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀ ló di ọwọ́ mi mú: "Mo ti ki òkú olókùú tó. Má jẹ́ kí tèmi lọ láìgbóhùn." Mo ní, "Yèyé, ẹ̀yin náà ẹ! Ta ló ń kú?" Ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí.

Ọdún 1926 ló kú. Mo ti wà ní kíláàsì ìrìbọmi fún ọdún méjì gbáko nígbà náà, ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e gan-an ni wọ́n sì fẹ́ rì wá bọmi. Mo ti rán aṣọ funfun. Kí n má purọ́ mọ́, aṣọ yẹn wà lọ́kàn mi ju Jésù lọ. Ìyàwó Akínbọ́lá, tí a jọ wà ní kíláàsì, ti sọ fún mi lójú odò pé ẹni tó bá kọ orin kèfèrí nídìí òkú, wọ́n á dá a padà sẹ́yìn. Ṣé òun ni tíṣà ni? Tíṣà Ọlátúbọ̀sún tó ń kọ́ wa wà nílé rẹ̀, kò jìnnà sí tiwa. Mi ò lọ bi í. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo fi òrí pa ọrùn, mo fi gèlè ogbó wé e, mo gba Ìgèdè lọ. Bí mo ṣe wọ agboolé, wọ́n kígbe pé àkọ́bí dé. Mo fọwọ́ kan ọ̀fun, mo mi orí. "Ohùn mi ti há," mo fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sọ ọ́.

Yéè! Irọ́ ni o. Irọ́ gbuu.

Àwọn kan ti ń kùn. Sẹ̀gilọlá, àbúrò Yèyé, tí à ń pè ní Yèyé Kékeré, ló gbà mí sílẹ̀. "Ẹ fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀. Ẹkún ló gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú orógbó jáde, ó fi eyín bó o, ó fi í sí mi lẹ́nu. "Jẹ ẹ́, á là." Mo jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin ilé dúró yí kòtò ká, gbogbo wọn ń wò mí lẹ́nu. Oòrùn kan àtàrí, wọ́n ṣì dúró. Nígbà tó yá, baálé ní kí wọ́n máa bò ó. Ìró ọkọ́ nìkan la gbọ́. Mo padà sí Adó, wọ́n sì rì mí bọmi lọ́jọ́ Ìsinmi.

Láti ìgbà náà, bí Yèyé Kékeré bá ti ná ọjà Adó, á yà sọ́dọ̀ mi. Orógbó á wà létí ìró rẹ̀. "Ṣé ohùn ti là?" Èmi á ní, "Ti ọ̀rọ̀ ti là, Yèyé. Ti orin ni kò tíì dé." Á ní kí n ṣe sùúrù, Ọlọ́run mi á gbọ́. Ọdún mẹ́jọ! Mi ò lè jẹ orógbó náà, mi ò sì lè dà á nù. Ó kún ìkòkò kan lábẹ́ ibùsùn mi.

Lọ́dún 1934 ni Tíṣà Ọlátúbọ̀sún wá bá mi nílé. "Ìyá Bámidélé, wọ́n ní ọmọ alámọ̀ ni ọ́. A fẹ́ fi ohùn ilẹ̀ wa kọrin ìkórè lọ́dún yìí. Orin òyìnbó ti sú àwọn ènìyàn."

Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi lù ú. "Tíṣà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kà á léèwọ̀? Nítorí yín ni mo ṣe panu mọ́ nídìí òkú Yèyé mi!"

Ó yanu. "Èmi? Mo ní ẹ má bá wọn rúbọ sí òkú. Ta ló ní kí o má ki ìyá rẹ? Ṣé o bi mí ni?"

Mi ò bi í.

Ó yẹ kí n kọ̀. Mi ò kọ̀, nítorí àárò orin ń sọ mí. Orin ìṣíde Yèyé ni mo fi kọ́ àwọn obìnrin ìjọ, èyí tó yẹ kí n fi sin ín gan-an. Mo yọ orúkọ Yèyé kúrò, mo fi ti Jésù sí i. Lọ́jọ́ ìkórè, nínú aṣọ funfun, mo ṣíde. Mi ò kánjú. Mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é.

Nígbà tí a jáde, Yèyé Kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti sọ fún un ní Ìgèdè pé àwọn onígbàgbọ́ Adó ń kọ orin alámọ̀, ló bá wá gbọ́. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Orógbó tó ti bó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti là! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ohùn ti là! Ìgbà wo ló là?"

Ìyàwó Akínbọ́lá, tó wà lẹ́yìn mi, ti nawọ́ sókè: "Ìyanu! Jésù la ohùn obìnrin yìí!" Àwọn yòókù ti ń pé jọ. Ẹ gbọ́ o, tí mo bá ní "bẹ́ẹ̀ ni" péré, ó tán. Wọ́n á máa fi mí jẹ́rìí títí dòní. Ṣùgbọ́n ojú Yèyé Kékeré ni mò ń wò.

"Kò há rí, Yèyé," mo wí.

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fi orógbó padà sí etí ìró rẹ̀, ó so ó.

"A dúró," ló wí. "Oòrùn wà lórí wa. À ń wò ọ́ lẹ́nu."

"Yèyé, ẹ foríjì mí."

"Orin yẹn dùn." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù. "Ṣùgbọ́n yèyé rẹ ò sí níhìn-ín. Ulé Ìgèdè la sin ín sí."

Ó kọrí sọ́nà Ìyìn, tó lọ sí Ìgèdè. Mo tẹ̀ lé e nínú aṣọ funfun mi, mò ń pè é títí ilé fi tán lọ́nà. Ó ń gbọ́ mi dájú, ohùn mi le. Kò wẹ̀yìn.