Òfin Amẹ́ríkà Tí Mo Kọ́ Nídìí Aṣọ Lílọ̀

Òórùn sítáàṣì tó ń gbóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ni mo fi ń rántí Jẹ́dà. Kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe èbúté tí ọ̀gá mi ń bójú tó. Ẹnjiníà ni ọ̀gá náà, ará Amẹ́ríkà, èmi sì ni ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń gbé oúnjẹ fún àlejò rẹ̀. Àlàájà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló mú mi dé ìlú náà. Háájì la bá wá. A ṣe Háájì tán, àwọn ará ìlú wa padà sílé, àwa ò bá wọn lọ. Àlàájà gba yàrá kan lórí òkè ní Nakáásà ní Mẹ́kà, ó ń rán àgọ́ tí àwọn tó wá ṣe Háájì máa ń pa sí Mínà lọ́dọọdún. Èmi ń sùn níbi iṣẹ́ ní Jẹ́dà, mo sì ń lọ kí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Àwa méjèèjì ò ní ikáámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Ẹni tí kò bá ní in, ọlọ́pàá lè mú un nígbàkigbà kí wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ ojú omi padà sílùú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti gbà láti ṣe onígbọ̀wọ́ mi. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà náà, ó wà lórí tábìlì rẹ̀, ìfọwọ́sí ló kù. Àlàájà sì ti sọ pé bí tèmi bá ti jáde, orí tèmi lòun máa gùn gba tòun.

Ìyàwó ọ̀gá kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ará Lẹ́bánónì ni, ó sì ń múra láti lọ gba ìwé ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan máa jókòó síwájú rẹ̀, á máa bi í léèrè: ta ló ń ṣe òfin, ọdún mélòó ni sẹ́nétọ̀ ń lò, adájọ́ mélòó ló wà nílé ẹjọ́ tó ga jù. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé pẹlẹbẹ kan. Màdáámù á kà á láàárọ̀, á ti gbàgbé rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan ó ju ìwé náà sórí aṣọ tí mo ń lọ̀, ó ní, “Orí mi ti kún.” Lárúbáwá la jọ máa ń sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, mo sì ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé nílé. Mo ní, “Màdáámù, ẹ jẹ́ ká kà á bíi ti ilé kéú.”

Nílé kéú tí mo lọ, áfáà wa kì í yára ṣàlàyé. Ó máa sọ gbólóhùn kan, a ó gbà á lẹ́nu rẹ̀, a ó máa mì síwá-sẹ́yìn, a ó máa wí i títí tá a fi máa fọ̀ ọ́ kúrò lára wàláà tí kò sì ní kúrò lórí wa. Tó bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, á mọ̀ọ́mọ̀ ka ibì kan sódì, á wá máa wò wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tún un ṣe ni ọmọ rere. Bẹ́ẹ̀ lèmi àti màdáámù ṣe kà á, èmi nídìí áyọ́ọ̀nù, òun lórí àga, tá a jọ ń mì. Sẹ́nétọ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, méjì méjì láti ìpínlẹ̀ méjìdínláàádọ́ta, ọdún mẹ́fà mẹ́fà. Adájọ́ mẹ́sàn-án. Mo ń ṣi àwọn ibì kan kà fún un, ó sì ń mú mi. Kó tó pé oṣù kan, ó ti mọ̀ ọ́n tán, èmi náà sì ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan ló bi mí pé, “Nílùú tìrẹ ńkọ́, ta ló ń ṣe òfin?” Mo ronú títí. Mo ní, “Gómìnà òyìnbó ni.” Ó ní, “Ta ló yàn án?” Mo ní, “Kì í ṣe èmi.”

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Mo rò pé bí gbogbo Mùsùlùmí ṣe ní Fátíhà lórí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà ṣe ní ìwé yẹn lórí. Ní ọjọ́ Jimọ̀ kan, mo kírun dé, ọ̀gá ní àlejò mẹ́ta, ará ìlú rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ara ààrẹ wọn ò yá lákòókò yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní bó bá kú, igbákejì rẹ̀ á gorí oyè, ṣùgbọ́n bí igbákejì náà bá kú ńkọ́? Ọ̀kan ní adájọ́ àgbà ni. Èkejì ní wọ́n á dìbò lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá mi gbá tábìlì, ó ní, “Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n.” Mo dúró pẹ̀lú àwo ìrẹsì, inú mi ń dùn. Mo rò pé ohun tí áfáà ń ṣe fún wa ni wọ́n ń ṣe, pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í sọ láti wo ẹni tó máa tún un ṣe. Mo bá tún un ṣe. Mo ní, “Olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ni, sà,” mo sì fi ohùn kéú sọ ọ́.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Màdáámù tó jókòó tì wọ́n dìde, ó lọ mú ìwé pẹlẹbẹ náà, ó ṣí i síwájú àgbà àlejò yẹn. Ọkùnrin náà kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, bó o ṣe wí i ló rí nígbà tá a wà níléèwé. Wọ́n ti yí i padà lẹ́yìn ogun. Ẹni tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ló gbọ́, ìwọ ò gbọ́.”

Ọ̀gá pè mí sí kíṣìnnì. Lẹ́tà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, gègé wà lọ́wọ́ kejì. Ó ní, “Padà lọ síbẹ̀. Sọ fún wọn pé ìyàwó mi ló kọ́ ẹ, pé bí ayékòótọ́ lo ṣe ń wí i, pé o ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Màá fọwọ́ sí i báyìí.”

Mo wo lẹ́tà náà. Mo ní, “Ẹ dárí jì mí, sà, pé mo dá sí ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀.”

“Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

“Mínísítà, ààrẹ ló yàn án. Olórí ilé ìgbìmọ̀, aráàlú ló dìbò fún un. Wọ́n ní ẹni tí aráàlú yàn ni kó ṣáájú.”

Ó ká lẹ́tà náà sápò. Ó ní, “Ó dáa. Kí olórí ilé ìgbìmọ̀ bá ẹ fọwọ́ sí i.” Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀.

Mo wọ lọ́rì lọ sí Mẹ́kà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àlàájà wà lórí aṣọ àgọ́. Mo ròyìn tán, ó na abẹ́rẹ́ sí mi. “Ẹnu òròfó níí pa òròfó. Ìwọ tó ò ní ìwé ìgbélùú, ò ń júwe yàrá fún onílé. Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ààrẹ ọ̀hún ni?”

“Rárá, Àlàájà.”

“Kí ló wá kàn ọ́?” Ó rán aṣọ náà lọ díẹ̀ sí i. “Ọ̀gá ẹ ní kó o sọ pé o ò mọ nǹkan tó o mọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó fi eyín já òwú. Ó ní, “Jókòó. Di etí aṣọ yìí mú fún mi.” Kò tún bá mi wí mọ́ títí tá a fi pínyà.

Ìpínyà náà ò pẹ́. Háájì ọdún yẹn ò tíì dé tí ọlọ́pàá fi gun òkè Nakáásà láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n ń béèrè ikáámà láti ilé dé ilé. Wọ́n mú mi, wọ́n sì fi mí sínú ọkọ̀ ojú omi. Àlàájà wà ní Mínà nídìí àgọ́, wọn ò rí i. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé màdáámù yege, pé ìbéèrè mẹ́ta péré ni wọ́n bi í. Àlàájà ò rí ìwé gbà láyé rẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, mi ò sì fojú kàn án mọ́.

Mo padà sílé, mo di akọ̀ròyìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi aráàlú léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìjọba tó ń ṣàkóso wọn, mo sì ti rí i pé ọ̀gá mi ò burú ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé kì í ka ilẹ̀kùn ibẹ̀, ẹni tó dúró síta ló ń kà á. Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ mi ò gbà á níbẹ̀ yẹn. Àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ máa ń bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé Àlàájà ń dùn mí, ó ń dùn mí títí dòní. Bí wọ́n bá tún gbé lẹ́tà yẹn àti gègé yẹn síwájú mi, màá tọrọ àforíjì pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mi ò ní sọ pé mi ò mọ̀.