Awẹ́ Márùn-ún Nínú Rédíò Bàbá Mi

Mo dáná sun rédíò bàbá mi lónìí, wọn ò sì tíì mọ̀.

Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá sí òkè òkun níbí. Ó dákẹ́ lóṣù tó kọjá, ni mo bá ní kí n tún un ṣe kí n fi yà wọ́n lẹ́nu. Rẹkitifáyà rẹ̀, irin aláwẹ́-awẹ́ tó ń darí iná nínú rẹ̀, ló ti jó; mo ra tuntun ní Uptown, ládùúgbò wa, mo fi òjé lẹ̀ ẹ́, mo tan iná. Èéfín bo pálọ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Múfú, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe.

"Awẹ́ irin mélòó ló wà lára ti tẹ́lẹ̀?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Tuntun ńkọ́?"

"Márùn-ún. Mo rò pé wọ́n ti ń ṣe é ní kékeré ni."

"Ọ̀mọ̀wé. Awẹ́ kan ò lè gbà ju bíi fóltì márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Márùn-ún tó fún iná ibí. Iná Nàìjíríà ni rédíò yẹn ń jẹ. Kí lo rò pé bàbá ẹ ń fi transifọ́mà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń sọ iná ibí di ìlọ́po méjì, ṣe?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo aago.

Aago mẹ́fà ni bàbá mi ń dé. Rédíò yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kódà látìgbà tó ti dákẹ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ, àbí kí n sọ ọ́ tán kí n tó dọ̀bálẹ̀?