Obìnrin Tó Mọ Ìgbà Tí Irin Tó

Nígbàkigbà tí epo pupa bá jó mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ìkòkò, àgbẹ̀dẹ bàbá mi tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni ọkàn mi máa ń lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti Erinje. Ó fẹ́ gba ọ̀pá irin mẹ́rin tí yóò fi tún ẹ̀rọ ìfúnpo rẹ̀ ṣe. Ó ku kí a mú irin náà gbóná, kí a sì rì í bọnú epo pupa kí ó lè dúdú, kí ó má baà dípẹtà. Bàbá mi ń fín iná, ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó tẹjú mọ́ àwọ̀ irin nínú iná.

“Ó tó,” ni ìyá mi wí.

Bàbá mi fi ẹ̀mú yọ ọ́, ó rì í bọnú epo. Èéfín bò wá, irin náà sì jáde ní dúdú, ó ń dán.

Àlejò wa ní, “Ṣé obìnrin ló ń sọ fún alágbẹ̀dẹ ìgbà tí irin tó?”

“Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ,” ni bàbá mi fèsì. “Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbé irin yín lọ.”

Mo rò pé ó kàn ń kẹ́ ìyá mi ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú bàbá mi ti ń ṣú, kò sì rí àwọ̀ irin nínú iná mọ́.

Àlejò náà dúró títí irin kẹrin fi jáde. Ó yí i síwá sẹ́yìn nínú oòrùn, ó wá kọjá lára bàbá mi lọ bá ìyá mi.

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá.”

Mo lọ jókòó ti ìyá mi, mo sì na ẹ̀yìn mi gbọọrọ bíi tirẹ̀, kí àlejò lè mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni mí.