Àkànkẹ́ Abẹ́ Tábìlì

Ọdún mọ́kànlélógún ni Marufat fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí ètò àwọn ọmọdé bá bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, òun ló ń kó sábẹ́ tábìlì, tí í fi ọwọ́ ọ̀tún yí orí ọmọlangidi kan, Bàbá Kúkúndùkú, arúgbó onírùngbọ̀n òwú, tí í sì fi ohùn tó ha bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ tí ò mọ Bàbá. Ẹnikẹ́ni ò mọ Marufat. Ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé, àwọn ọmọ àdúgbò a máa sín Bàbá jẹ lójú rẹ̀, á sì ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Iṣẹ́ náà kọ́ ọ pé kí ọmọlangidi kọ́kọ́ wojú ọmọ kó tó lanu. Ó tún kọ́ ọ pé ọmọdé á gbójú fo àṣìṣe, ṣùgbọ́n kíá ni yóò mọ̀ tí wọ́n bá purọ́ fún un. Ohun tí ò kọ́ ọ ni bí ẹ̀rù ṣe ń lọ. Tí iná pupa orí kámẹ́rà bá ti tàn, ẹ̀rù á bò ó. Ọwọ́ nìkan ni kì í gbọ̀n, òun ló sì fi ń jẹun.

Àfi bí ọwọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún yìí. Dókítà ní iṣan ọrùn ló há, kó sinmi. Ìsinmi kẹ̀! Ó fi àdí pa á, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, orí Bàbá ṣubú lu tábìlì gbì lójú àwọn ọmọ. Mìkáílù, ọ̀gá ètò náà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, Saifudeen ni màá gbé Bàbá fún." Saifudeen ló ń ṣe ewúrẹ́ nínú ètò náà.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ kejì pé, àdúrà ni Marufat ń gbà láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́. Nínú mọ́tò, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú bí ẹni tó ń gbé adìẹ lọ sọ́jà Akẹ̀sán.

Iná pupa tàn, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Orí Bàbá ń gbọ̀n tìrùngbọ̀n-tìrùngbọ̀n. Marufat rí ẹsẹ̀ Saifudeen tó ń sún mọ́ tábìlì, gbogbo ọ̀rọ̀ tó há sórí sì fò lọ.

Ọmọbìnrin ọdún méje kan tó jókòó níwájú tábìlì, tó ń jẹ́ Moyinolúwa, béèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ń gbọ̀n?"

Ó kù díẹ̀ kí Marufat sọ pé òtútù ni. "Ẹ̀rù ló ń bà mí," ni Bàbá wí.

"Tí ẹ̀rù bá ń bà mí, ìyá àgbà mi máa ń kì mí ni. Kí ni oríkì yín, kí n kì yín?"

Láti ọjọ́ tí Bàbá ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò fún un lóríkì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ì bá sọ pé Àlàmú, tàbí Àkànní. Ṣùgbọ́n ẹni tí jìnnìjìnnì bò, kí ni yóò rántí ju tara rẹ̀ lọ? "Àkànkẹ́," ni ó wí, ohùn ara rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́.

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Bó ti wù kí ọmọ Ọ̀yọ́ kéré tó, ó mọ̀ pé obìnrin ló ń jẹ́ Àkànkẹ́. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Marufat dijú. Ó ti parí.

Moyinolúwa ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde lórí àga, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di orí Bàbá mú. "Àkànkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Àkànkẹ́, ẹ rọra. Á lọ." Ó ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí orin ìparí fi dé. Ọmọ kankan ò di ọwọ́ tó wà nínú orí yẹn mú rí. Ìgbọ̀n náà ò dá, omijé sì ń ṣàn lójú Marufat lábẹ́ tábìlì.

Tẹ̀ríntẹ̀rín ni Mìkáílù bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́ tábìlì. "Ìyá, ọgbọ́n wo lẹ fi ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ yẹn? Àwọn òbí ń pè wá lórí fóònù, ó dùn mọ́ wọn. Ká máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Ẹ wò ó o. Bí Marufat bá ti mi orí lásán pé ọgbọ́n ni, iṣẹ́ ti padà di tirẹ̀. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ̀rù tuntun tún bà á, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó jáde, ó bọ́ Bàbá kúrò, ó na ọwọ́ sí Mìkáílù. Ọwọ́ ń gbọ̀n.

"Kì í ṣe ọgbọ́n, ọ̀gá. Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Mìkáílù. Ó ní kí Ìyá pẹ̀lẹ́, ó sì gbé Bàbá fún Saifudeen.

Lẹ́nu géètì, Moyinolúwa àti ìyá rẹ̀ ń dúró de ọ̀kadà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí Marufat bí wọ́n ti ń kí àgbà tí wọn ò mọ̀ rí.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Marufat dáhùn.

Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ ohùn yẹn, ó gbójú sókè, ó wò ó títí. "Àkànkẹ́," ni ó wí. Ìyá rẹ̀ yára gbá a létè, ó ń bẹ Marufat pé kó má bínú. Ọmọ ò gbọ́. "Ṣé ẹ̀rù ò bà yín mọ́?"

"Ó ṣì ń bà mí," ni Marufat wí, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sí i.