Pápá Tí A Fọwọ́ Ara Wa Gbẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkòtún níbí, oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbi tí ọjà kún fọ́fọ́ sí lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbà owó epo ni, rédíò sì ń pariwo lójoojúmọ́ pé Nàìjíríà ti di ńlá. Rédíò yẹn náà la ti gbọ́ pé àwọn ọkùnrin wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, èyí tí wọ́n ń gbá kọjá lórí àwọ̀n, ti na àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, wọ́n sì ti gbé ife wálé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ mọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n olùkọ́ wa. Ó máa ń wá kí i, òun ló sì kọ́ wa ní eré náà. Òkúta wẹẹrẹ ló kún ibi tí a ti ń gbá a, orúnkún wa kì í jinná. Ìyá mi ní ó ti sú òun láti máa wẹ egbò lójoojúmọ́. Ó kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ, wọ́n ṣa òkúta, wọ́n da amọ̀ sí i, wọ́n fi igi lù ú títí ó fi le, wọ́n wá fi ìgbẹ́ màlúù pa á, bí ẹni ń pa ilẹ̀ yàrá. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù náà tún dé, ó fò, ó nà gbalaja lé bọ́ọ̀lù, ó dìde, ó wo orúnkún rẹ̀.

“Ẹ̀yin màmá, ilẹ̀ yìí mà dáa o! Tó bá jẹ́ orí sìmẹ́ńtì ni, mo ti bó.”

Ìyá mi dá a lóhùn pé, “Má ṣáà tutọ́ sí i. Àwa la máa nù ún.”

Ó wá ṣèlérí pé òun á kó ẹgbẹ́ wọn wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù, kí ọ̀gá tó ń kọ́ wọn lè wò wá. Ọmọ tó bá wù ú, yóò mú un lọ sí ibùdó wọn. Èmi ni mo ga jù nínú wa, èmi ni mo sì ń fò jù. Mo ti di ẹrù mi lọ́kàn.

Ìròyìn náà dé etí aláṣẹ ìjọba kan, ló bá wọ mọ́tò tuntun wá wo pápá. Ó yínmú.

“Ìgbẹ́ màlúù? Àwọn tó gbé ife wálé lẹ fẹ́ kó sórí ìgbẹ́ màlúù?”

Ó ní sìmẹ́ńtì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ká ti gbẹ́ ilẹ̀ dè é. Ìyá arúgbó kan tó ń pa ẹ̀kùrọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní, “Ẹ ò jẹ́ kí sìmẹ́ńtì ọ̀hún dé ná, àbí?”

A bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ayé ti là jàre!” Èmi ni mo kọ́kọ́ mú ọkọ́. Ilẹ̀ náà le débi pé igi ọkọ́ méjì ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, síbẹ̀ a ò dúró. Ìyá mi ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì dé, ó lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì wá ti pọ̀ jù ní èbúté, wọn ò ráyè já ẹrù. Sìmẹ́ńtì ń di òkúta lójú omi, tiwa ò dé. Òjò ló dé. Pápá di ẹrọ̀fọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbẹ̀. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù wa mú ọ̀gá wọn wá wo ibẹ̀, ọ̀gá náà kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹrọ̀fọ̀, ó wo èmi tí mo ká ṣòkòtò sókè, ó ní kí wọ́n yí mọ́tò padà. Agbábọ́ọ̀lù náà yọrí lójú fèrèsé.

“Màmá, ta ló gbẹ́ ẹ?”

Ìyá mi ò dárúkọ mi.

Lónìí, sìmẹ́ńtì wà káàkiri, ilé ti kún láti Ìkòtún dé Ayọ̀bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ibi tí ọmọ ti lè ta àwọ̀n hàn mí. Àwọn tó gbé ife yẹn wálé ńkọ́? Ta ló kọ́ yín lórúkọ ẹnì kan nínú wọn? Inú ń bí mi, ẹ jọ̀ọ́. A fọ́ èyí tó dára, a jókòó ti èyí tí kò dé, a sì ń bi ara wa léèrè ìdí tí ife kò fi wálé mọ́.