Dókítà Ilé, Ẹni Tó Gba Àga sí Wọ́ọ̀dù

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá ń ṣe, ẹ fi sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ tí Dókítà Ilé kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkùnrin náà rárá. Àga tìmùtìmù tí télọ̀ rì sí ló ń yí po, tó ń tẹ̀ ẹ́ wò, tó ń mi orí. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún dìde rìn. Àmọ́ ó ní kí wọ́n gbé télọ̀ sórí ìjókòó onígi, ó sì ké sí awakọ̀ rẹ̀ pé kó wá gbé àga.

Ìyàwó télọ̀ dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ mi ló ń ṣàìsàn o, kì í ṣe àga."

"Ọkọ ẹ ń gbìyànjú. Àga yìí ló gbé e mì. Mo ti gbà á sí wọ́ọ̀dù."

Ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà ni àga lọ. Nígbà tó fi máa padà, ó ti ga sí i, ó ti le, ó sì ti ní apá tí èèyàn lè dì mú. Télọ̀ jókòó, ó tiraka, ó dá dìde. Gbogbo àdúgbò gbà pé àga ló kọ́kọ́ rí ìwòsàn.

Bó ṣe di Dókítà Ilé nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ẹsẹ̀ tó rọ nìkan kọ́ ló ń sé èèyàn mọ́lé. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn tóóró wà níbẹ̀, àwọn ará ilé náà ò sì gbẹ́yìn.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn sọ fún un nígbà kan pé ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ fẹ̀ tó. Kò bá a jiyàn. Ó dúró dìgbà tí ọ̀gá mu tíì ńlá tán, ó bẹ̀ ẹ́ kó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá tì í débẹ̀. Kẹ̀kẹ́ há. Ọ̀gá ní òun á sọ̀kalẹ̀. Dókítà Ilé ní aláìsàn òun kì í lè sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn kápẹ́ńtà ti débẹ̀ ṣáájú àwọn nọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n ti télọ̀ ló le jù. Ìyàwó rẹ̀ ti fi aṣọ bo máṣíìnì, òun ló ń bá a de bọ́tìnnì, òun ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Nígbà tí Dókítà Ilé bi télọ̀ pé kí ló ń fẹ́, ojú ìyàwó ló kọ́kọ́ wò.

"Mo fẹ́ ránṣọ."

Ìyàwó bú sẹ́kún, ó ní tó bá ṣubú ńkọ́.

Dókítà Ilé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyàwó, o fẹ́ràn ẹ̀, mo rí i. Dín in kù díẹ̀, kó lè ráyè rìn."

Ló bá ṣí máṣíìnì, ó kọ́ télọ̀ bí yóò ṣe máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wù àkọ́kọ́ wọ́ bí ipa ejò. Dókítà Ilé fúnra rẹ̀ ló gbà á, ó sì wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ìyangàn.

Nígbà tí Dókítà Ilé kú ni gbogbo èèyàn tó wá ṣọ̀fọ̀ wá rí i pé àtẹ̀gùn gàgàrà ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n sáré láti gbé télọ̀ gòkè. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ràn án lọ́wọ́.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ máṣíìnì, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́.