Ilẹ̀ Ọkọ̀ Ogun Alhaji Néfì

Igi arère tútù máa ń rùn. Bí o bá ti gbé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rí, o ò ní bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbẹ tán, tí ìfági sì gba orí rẹ̀ kọjá, òórùn yẹn á pòórá, á wá ku nǹkan fẹ́lẹ́ kan tó jọ òórùn ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Òórùn méjèèjì ló kún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nítòsí ojú irin ní Ọ̀fà, ní àsìkò tí pólì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wa. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní yàrá kan tó ń jò ti di lánlọ́ọ̀dù, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì rí yàrá náà gbà ń wá bẹ́ẹ̀dì tí yóò fi sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ń kan bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń dín àkàrà. Èmi ní tèmi ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní TD, ìyẹn yíya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, mo sì gbà pé èmi nìkan ni obìnrin tó ń gbé tí-síkúà, rúlà gígùn tó rí bí àgbélébùú, kọ́ èjìká káàkiri ìlú. Ìyá kan tilẹ̀ dá mi dúró lọ́nà, ó bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì tuntun la fẹ́ dá sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù yìí ni Alhaji Néfì ti bá wa lọ́sàn-án Sátidé kan. Ọmọ ìlú wa ni, ó ti ṣiṣẹ́ ológun ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, kó tó lọ sí Mẹ́kà, kó tó wá padà sílé. Ó ṣì ń ya ẹsẹ̀ gàtà rìn bí ẹni pé Ọ̀fà, tí kò ní omi kan tó ju ti kànga lọ, lè gbé e ṣubú nígbàkígbà. Ó gbé páálí kan dání bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ ogun kékeré kan, oníke, aláwọ̀ eérú, tí gígùn rẹ̀ tó láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Irú èyí tí wọ́n ń kó ẹ̀yà rẹ̀ sí páálí ni, tí ẹni tó rà á yóò máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́. Irú ọkọ̀ tí Alhaji kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ gan-an ni. Ó ti lẹ ara ọkọ̀ pọ̀ tán, ó wá ku ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn òkè gbalasa tí àwọn atukọ̀ máa ń rìn lórí rẹ̀.

“Ike ni wọ́n fi ṣe é,” ó ní. “Igi ni mo fẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkọ̀ náà, ó wo bẹ́ẹ̀dì tó ń kàn. “Alhaji, ẹni tí mo máa kan eléyìí fún, ó ní láti jẹ́ èèrà.”

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣàlàyé. Òun àti ọ̀rẹ́ òun kan ni wọ́n jọ wọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n jọ kúnlẹ̀ láràárọ̀ fi òkúta pẹlẹbẹ àti iyanrìn ha ilẹ̀ ọkọ̀ náà títí yóò fi funfun. Ọ̀rẹ́ náà wà ní Èkó báyìí, ojú rẹ̀ sì ti fọ́ pátápátá. Alhaji fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ fún un kó fọwọ́ pa á. “Bó bá fọwọ́ kan ike, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó ní korobá nílé.”

Ó wá kìlọ̀ fún wa. Wọn kì í ta igi mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ onígi ni yóò wá ẹni tí yóò bá a ṣe é. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà gan-an ti ṣíwọ́, ọmọ rẹ̀ wá a títí kó tó rí ẹyọ kan yìí. Bí a bá sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ igi mọ́ ọn, kò ní ṣí mọ́ láìfa ike ya. Bí a bá bà á jẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo gbà á. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ilẹ̀ oníke náà, mo dá pẹ́ńsù dùbúlẹ̀, mo fi ń pa á títí gbogbo etí rẹ̀ àti gbogbo ihò tí ìbọn àti òpó máa wọ̀ fi jáde sórí ìwé. Ínṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe abẹ ìfági rẹ̀ kó má jẹ jìn, ó fá arère gbígbẹ jáde ní awẹ́ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ká kòrókòró bó ti ń jáde, ni mo bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, mo sì lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má ya. Lẹ́yìn náà ni mo gbé rúlà lé e, mo fi abẹ́rẹ́ fa ìlà pákó sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti imú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, gbọọrọ, láìyẹ̀. Mo wá fi ẹ̀tù pẹ́ńsù dúdú pa ojú ìlà náà kó lè jọ ọ̀dà tí wọ́n máa ń dí àárín pákó. Nígbà tí mo parí, mo fún ara mi ní máàkì mọ́kàndínlógún nínú ogún. Èyí tó kù, mo fi sílẹ̀ fún ìrẹ̀lẹ̀.

Alhaji gbé e sórí itan. Ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò gba orí rẹ̀ lọ síwájú, ó gbà á padà sẹ́yìn.

“Tíṣà, igi wo lo ti rí pákó tó gùn tó báyìí?”

Mi ò rí òkun rí nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ti rí tí wọ́n to pákó sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni sílìn pálọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń kàn fún àwọn olówó, tí inú rẹ̀ máa ń dùn pé kò sí oríkèé kankan lójú rẹ̀. Sílìn ni mo yà. Mo dojú sílìn bolẹ̀, mo pè é ní ọkọ̀ ogun.

Alhaji ní kò sí pákó tó lọ láti imú ọkọ̀ dé ìdí. Pákó á dé ibì kan á parí, òmíràn á gba ibẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ parí sí ojú kan náà, kí ọkọ̀ má baà ṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní àwọn oríkèé yẹn ni àwọn fi ń mọ̀ ní àárọ̀ pé àwọn ti dé ibì kan. Mo ní kó sọ ibi tí wọ́n wà. Ó ní òun ò rántí. Mo bèèrè fọ́tò. Ó mú ọ̀kan wá, òun ló dúró síwájú níbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, àyà rẹ̀ sì ti bo gbogbo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi díẹ̀, torí ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi fa ìlà. Mo ní, “Alhaji, ẹ jẹ́ ká fi sí ibi tó bá wù wá. Ṣebí ọ̀rẹ́ yín ò ríran.”

Ẹ̀gbọ́n mi dá òòlù dúró, ó wò mí. Mo mọ irú wíwò yẹn láti kékeré.

“Ojú rẹ̀ ló lọ,” Alhaji ní. “Orúnkún rẹ̀ wà ńbẹ̀.”

Bóyá òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, mi ò mọ̀. Ó kàn ká agbádá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ṣa ègé igi kan nílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú igi.

“Alhaji,” ẹ̀gbọ́n mi ní, “ìrun Àsárì ò tíì tó o.”

“Imú ọkọ̀ nìyí,” Alhaji ní. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Ó ń ti ègé igi náà lọ síwájú, ó ń fà á bọ̀, ìdí rẹ̀ ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó jọ bàbá arúgbó tó ń ṣe àwàdà. Nígbà tó yá, apá rẹ̀ mú ìlù ara rẹ̀, ó sì dá dúró lójijì. “Oríkèé nìyí.” Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ó tún ha, ó tún dúró. Níbì kan, ó fa ìgbọ̀nwọ́ òsì mọ́ra fíà, bí ẹni tí nǹkan gbá. “Ẹsẹ̀ ìbọn. Ibí ló ti máa ń gbá mi.” Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, àfi ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo ta okùn ìwọ̀n láti ibẹ̀ dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mo pín in sí ìwọ̀n tiwa, mo sì gbé e lé ilẹ̀ oníke náà. Àmì mi bọ́ sí etí ihò ìbọn. Mo tún un wọ̀n, torí pé tíṣà ni mí, bákan náà ló rí.

Láti ìgbà náà, a kò bá a ṣàwàdà mọ́. A kó bẹ́ẹ̀dì sí ìta kó lè rí àyè sún sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá gba tirẹ̀ bi wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ni bàbá náà sọ nù. Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, àmì ṣọ́ọ̀kì ti jáde lẹ́nu ọ̀nà, orúnkún Alhaji méjèèjì sì ti wú.

Mo tún gbogbo rẹ̀ yà. Nígbà tí èkejì parí, ó di ojú, ó fi ìka rìn lórí rẹ̀, ó ń ka nǹkan sí abẹ́ ẹnu. Nígbà tó dé ibi ìbọn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sún díẹ̀. “Ẹ lẹ̀ ẹ́,” ó ní. Ẹ̀gbọ́n mi fi gọ́ọ̀mù pa á tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e lé e, ó kó ìṣó sínú àpò kéékèèké fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò kan bẹ́ẹ̀dì kankan títí ó fi gbẹ. Ó ní òòlù lè mì ín.

Alhaji gbé e lọ sí Èkó lórí itan. Ọjọ́ kẹjọ ló dé, ọwọ́ òfìfo, ojú kíkoro. Mo bi í bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

“Ó mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Ó fọwọ́ rìn lórí ẹ̀ títí. Ó dé ibi ìbọn, ó ní, ‘Ta ló sún oríkèé yìí?’”

Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi jà sí i. Ọ̀rẹ́ náà ní oríkèé yẹn gbọdọ̀ wà ní pákó kan sí ọ̀tún, àti pé ọ̀lẹ ni Alhaji, kò fọ ibẹ̀ dáadáa rí ni kò ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyàwó ọ̀rẹ́ náà bẹ̀ wọ́n títí ó sú wọn. Níkẹyìn, afọ́jú náà kúnlẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, ó ha ilẹ̀, Alhaji sì ń ta kókó sínú okùn níbi tó bá ti sọ pé oríkèé wà. Alhaji fa okùn náà yọ nínú àpò, ó jù ú sórí tábìlì mi. “Ya irọ́ tiẹ̀ náà fún mi.”

“Ọkọ̀ náà ńkọ́?”

“Kò fún mi mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀ ló gbé e sí.”

Mo yà á. Mo gbé ìwé méjèèjì léra lójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là wọ́n kọjá: láti imú dé ìdí, pákó kan ṣoṣo péré ni wọ́n fi yàtọ̀. Mi ò mọ ẹni tó jàre títí di òní. Nítorí kò sí ọkọ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi lẹ ilẹ̀ ti ọ̀rẹ́ náà mọ́ pátákó, Alhaji sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀fà. Báyìí ni ti Alhaji ṣe wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Èkó, tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà lójú ògiri tiwa níbí, kálukú ń bá ti ẹnì kejì jà láràárọ̀. Àwọn atukọ̀ mìíràn gbọ́, àwa náà sì ṣe bíi márùn-ún sí i fún wọn kó tó di pé iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró, olúkúlùkù pẹ̀lú okùn oníkókó tirẹ̀.

Alhaji àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú báyìí. Èmi náà ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, àwòrán ilé ni mo ń yà fún àwọn èèyàn, ojú mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà mí láyè láti fa ìlà abẹ́rẹ́ mọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn fi sí mi lára ni pé mi ò gbẹ́kẹ̀ lé rúlà mi nìkan mọ́. Láìpẹ́ yìí, tọkọtaya kan ní kí n ya kíṣìnnì fún àwọn. Ọkọ ló ń sọ̀rọ̀, ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan yẹ kó wà. Mo ní kí ìyàwó gba ìgbálẹ̀, kó gbá ilẹ̀ òfìfo tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí fún mi bí ẹni pé ilé ti dúró síbẹ̀. Ọkọ wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Obìnrin náà gbá a lọ, ó tẹ̀ ba, ó rọra yí nǹkan kan tí kò tíì sí níbẹ̀ ká, ó sì ń gbá a lọ. Ibẹ̀ ni ọkọ fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà. Mo pa ilẹ̀kùn náà rẹ́ lórí ìwé.